Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí fọ́tò ọdún, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọyẹ́ o. Inú ń bí mi, n ò sì rí oorun sùn lánàá. Ọdún ti dé tán. Mo rán aṣọ tó gbayì: ìró àti bùbá léèsì funfun, bàzẹ̀ aláwọ̀ ewé tí mo fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn, àti àǹkárá àwọn ọmọdé. Mo ní ká lọ ya fọ́tò níwájú mọ́ṣáláṣí ńlá, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì, torí oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n fojú mi rí!

Àbúrò mi dúró gbọn-in bí òpó iná. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló dùn mí jù. Gbogbo ìgbà tí onífọ́tò bá gbé ẹ̀rọ sójú, á fọwọ́ bo ikùn, á ní òun fẹ́ jókòó. Léèsì tí mo fi òru rán run mọ́ ọn nídìí. Gbogbo wọn fajú ro, wọ́n ń ṣẹ́jú ṣáá. Onífọ́tò ń jágbe mọ́ wa, ó sì ti gba ìdajì owó. Ìyá mi ní owó yẹn ì bá ti ra ẹran ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn láti dúró fún fọ́tò? Ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì, Wàǹdó
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nígbà tí àwọn ìbejì mi ń hu eyín, onífọ́tò kan yà wá, kò sí orí bàbá wọn nínú ẹ̀. Ó ṣì wà ní pálọ̀ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ fi òrí para. Ọyẹ́ ò ṣojúure sí ẹlẹ́wà: ètè, ìgúnpá, gìgísẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa funfun. Ẹ jẹ́ kó wọra kẹ́ ẹ tó wọṣọ, kó má lọ ta sí léèsì.

Bàbá Onífọ́tò, Kétu
Agogo mélòó lẹ débẹ̀? Ẹ ò sọ.

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Bàbá, lẹ́yìn ìrun Àílà ni, bí agogo méjì. Mo fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, kí àwọ̀ aṣọ lè hàn.

Bàbá Onífọ́tò, Kétu
Ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Òkè ni oòrùn ọ̀sán ti ń bọ̀, òjìji á bọ́ sí ihò ojú àti abẹ́ imú. Léèsì funfun á tàn débi pé iṣẹ́ ara rẹ̀ ò ní hàn mọ́. Bàzẹ̀ tí wọ́n lù á máa kọ mànà. Lóṣù Kejìlá, nǹkan bí agogo 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ wà níbẹ̀ láti agogo 5. Bó bá di dandan kó jẹ́ ọ̀sán, ẹ lọ sábẹ́ igi ńlá inú JPN, ọgbà igi àti ewéko tó wà ní Àjàṣẹ́.

Ìdúró ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má kọ àyà sí ẹ̀rọ tààrà. Kó yí èjìká díẹ̀, kó fara lé ẹsẹ̀ kan, kí orúnkún kejì rọ̀. Ọwọ́ ló ń dààmú èèyàn jù, ẹ fún un níṣẹ́: kó di ìpele mú, kó tún ẹ̀gbà ọwọ́ ṣe. Ẹni tó ń ṣẹ́jú, kó dijú, kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó wá là á. Bí onífọ́tò bá sì fẹ́ ya odindi aṣọ, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi wà níwọ̀n ìbàdí. Bó bá yà á látòkè, ẹsẹ̀ á kúrú.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Kí ni ti ògiri? Ẹ wá síbí, òkè àpáta wa ju gbogbo ìyẹn lọ.

Àlhájà, Àjàṣẹ́
Àpáta yín ò kàn án. Ọmọ yìí, ṣé o gbàṣẹ kó o tó lọ ya fọ́tò níwájú mọ́ṣáláṣí? Àwọn èèyàn ń ti ìrun bọ̀, ìwọ ń to obìnrin síwájú wọn.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́
Àlhájà, ìta gbangba ni.

Àlhájà, Àjàṣẹ́
Ìta ilé ẹ ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni lè wá ṣeré níbẹ̀?

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Ẹ má bínú, Àlhájà, ẹnikẹ́ni ò lé wa. N ò lè lọ Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn oníbàárà ń retí fọ́tò náà lórí WhatsApp.

Ìyá Ìbejì, Wàǹdó
Oníbàárà kẹ̀? Mo rò pé fọ́tò ẹbí ni.

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Ẹbí mi ló wọ̀ ọ́, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi ni, báwo làwọn èèyàn ṣe máa mọ̀ pé mo mọṣẹ́?

Ọ̀gá Aránṣọ, Ògáńlá
Ó yẹ kó o ti sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ọjà yàtọ̀ sí ti ẹbí. Oníbàárà fẹ́ rí ẹ̀yìn aṣọ, ìdí apá, iṣẹ́ ọrùn láti ìtòsí. Gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò, gé òwú tó yọ, lọ aṣọ níbi tẹ́ ẹ ti máa yà á, má lọ̀ ọ́ nílé. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀ pé o fẹ́ fi wọ́n polówó? Kí lo fún wọn?

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Àbúrò mi mọ̀. Ìyàwó wa, ó yẹ kó ti fura. Èmi náà ni mo rán aṣọ ìsọmọlórúkọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù tó kọjá.

Àlhájà, Àjàṣẹ́
Ìsọmọlórúkọ ta ni?

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Ti ọmọ rẹ̀. Kò tíì pé ọjọ́ 40, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti le, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á lọ. Ìyá mi ló gbé ọmọ.

Àlhájà, Àjàṣẹ́
Lá ìlàha ilalláhù! Abiyamọ tuntun lo nà ró sínú oòrùn! Ìwọ lọkọ ẹ̀ nínú ilé yẹn, báwo ló ṣe máa kọ̀ fún ẹ?

Ìyá Ìbejì, Wàǹdó
Ìdí tó fi ń fọwọ́ bo ikùn nìyẹn o. Ọmọ jòjòló ń bẹ nílé, ọmú ti kún.

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Lóòótọ́ ọmú ro sí bùbá náà, mo ti fọ̀ ọ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni mo fi gé léèsì yẹn, kò bá ẹlòmíì mu.

Bàbá Onífọ́tò, Kétu
Bó bá fẹ́, tí ọkọ ẹ̀ náà sì gbà, gbé àga fún un nílé, kó jókòó, kó gbọ́mọ dání. Àwọn ìyá ọlọ́mọ máa béèrè irú bùbá yẹn.

Àlhájà, Àjàṣẹ́
Ojú ọmọ tí kò tíì pé 40 kọ́ lẹ máa gbé sórí WhatsApp, Bàbá.

Ọ̀gá Aránṣọ, Ògáńlá
Jẹ́ kó sinmi. Wọ léèsì yẹn fún àbúrò ẹ, fi píìnì fún un mọ́ra lẹ́yìn, ẹ̀rọ ò ní rí i láti iwájú. Bó o bá fẹ́ ya ẹ̀yìn, fi aṣọ kọ́.

Ọmọ Aránṣọ, Àjàṣẹ́
Mo gbọ́, ọ̀gá. Àbúrò mi ló máa wọ méjèèjì, agogo 5 Sátidé, nínú ọgbà. Ti àga, mo máa kọ́kọ́ bi ìyàwó wa àti ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé píìnì ò ní dá léèsì lu?

Ọ̀gá Aránṣọ, Ògáńlá
Lo èyí tó tín-ínrín, ibi ojú rírán ni kó o gún un sí. Bí o ò bá ní, wá mú lọ́dọ̀ mi lọ́la.