Ìwé àṣẹ bélíìfù ní England: ta ló lè lé ayálégbé jáde?

Túndé, Birmingham: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí ìpolówó kan lórí Facebook: kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì, wọ́n ní àwọn á fúnni ní láísẹ́ǹsì “eviction officer”, èèyàn á sì máa bá àwọn lándílọ́ọ̀dù lé ayálégbé tí kò sanwó. Mo ti ní báàjì SIA, ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàdì, tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ gáàdì alẹ́ ló ti sú mi. Ṣé kí n sanwó ni àbí kí n yẹra?

Àǹtí Fúnkẹ́, Leeds: Túndé, di owó ẹ mú. Kò sí láísẹ́ǹsì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales. Ohun tó wà ni sẹ̀tífíkéètì enforcement agent, ìyẹn bélíìfù, adájọ́ County Court ló sì ń fọwọ́ sí i. Olùkọ́ kọ́ọ̀sì kankan ò lè fún ọ. Bí o bá tiẹ̀ gbà á, ẹrù ajigbèsè ló fún ọ láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé, ti council tax (owó orí ilé), ti owó ìtanràn páàkì, ti gbèsè tí kọ́ọ̀tù ti dájọ́ rẹ̀. Lílé èèyàn jáde nílé kò sí nínú rẹ̀.

Bísí, Manchester: Àǹtí, ta wá ni àwọn tó ń wọ aṣọ dúdú, tí wọ́n há kámẹ́rà mọ́ àyà, tí wọ́n ń lé èèyàn jáde lórí tẹlifíṣàn? Ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn?

Ẹ̀gbọ́n Láńre, London: Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, Bísí. Ayálégbé tí kọ́ọ̀tù ti ní kó jáde, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà mú un jáde. Bélíìfù County Court ni ìkíní: òṣìṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù ló ń gbà, warrant of possession, ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù láti gba ilé padà, ló ń mú dání, òfin sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó gbọ́dọ̀ gba sẹ̀tífíkéètì. Ìkejì ni High Court Enforcement Officer, tí gbogbo èèyàn ń pè ní HCEO. Aládàáni lèyí, àmọ́ Lord Chancellor, mínísítà ètò ìdájọ́, ló ń fún wọn láṣẹ lábẹ́ ìlànà ọdún 2004, agbègbè postcode ni wọ́n sì fi ń pín iṣẹ́ fún wọn. Writ of possession, irú ìwé àṣẹ kan náà láti High Court, ni tiwọn. Kí ìdájọ́ tó kúrò ní County Court dé ọwọ́ wọn, onílé gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́dọ̀ adájọ́ lábẹ́ section 42 òfin County Courts Act 1984. Owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé ń sá lọ síbẹ̀ torí pé dídúró de bélíìfù County Court lè pẹ́ gan-an, pàápàá ní London níbí.

HCEO fúnra wọn ò pọ̀. Àwọn tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà, agent tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni: ó ní sẹ̀tífíkéètì tirẹ̀, orúkọ HCEO tó wà lórí writ ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Túndé, ibẹ̀ ni ọ̀nà wà fún irú ẹ. Àmọ́ bí lándílọ́ọ̀dù kan bá kàn pè ọ́ pé kí o wá bá òun pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ayálégbé, tí kò sí ìwé kọ́ọ̀tù, tí o sì lọ, ìwọ àti òun lẹ jọ wọ gàù Protection from Eviction Act 1977. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún méjì. Òfin yẹn ò mọ sọ́dọ̀ onílé nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe é ló bá wí.

Túndé, Birmingham: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Báàjì SIA ńkọ́? Kò wúlò rárá?

Ẹ̀gbọ́n Láńre, London: Ó wúlò fún iṣẹ́ gáàdì. Private Security Industry Act 2001 ló bí i, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta lo sì ń tún un gbà. Kò lè rọ́pò sẹ̀tífíkéètì kọ́ọ̀tù. Lójú tèmi ṣá, ẹni tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù rí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ tu ẹni tí inú ń bí, ìyẹn sì ju idaji iṣẹ́ yìí lọ.

Àǹtí Fúnkẹ́, Leeds: Èmi ni mo ń bójú tó fọ́ọ̀mù àwọn agent níbi iṣẹ́ wa, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Tribunals, Courts and Enforcement Act 2007 ni òfin tó gbé sẹ̀tífíkéètì yìí ró, ìlànà rẹ̀ tí à ń lò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Nǹkan mẹ́ta ni adájọ́ máa wò: ṣé èèyàn tó ṣe é fọkàn tán ni ọ́, ṣé o mọ òfin tó de gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, ṣé ìdúró £10,000 wà nílẹ̀. £10,000 yẹn kò ní kó o lọ kó owó jọ o. Bọ́ǹdì, ìwé tí ilé iṣẹ́ kan fi ń dúró fún ọ, ni wọ́n máa ń rà, ilé iṣẹ́ tó gbà ọ́ ló sì sábà máa ń ṣètò rẹ̀. Fún ti ìmọ̀ òfin, ìdánwò Level 2 lórí taking control of goods ni ọ̀pọ̀ ń mú lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń kọsẹ̀ ni ti ìfọkàntán. Wọ́n máa béèrè ìwé DBS, tó ń fi hàn bóyá èèyàn ti dá ẹ̀ṣẹ̀ rí, wọ́n á sì wo Register of Judgments, Orders and Fines, ìwé àkọsílẹ̀ ìdájọ́ gbèsè. Bíìlì fóònù tí o gbàgbé nígbà tí o kó kúrò nílé àkọ́kọ́, tí lẹ́tà kọ́ọ̀tù sì ń lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, ó lè ti di CCJ, ìdájọ́ gbèsè ti County Court, láìjẹ́ pé o gbọ́ nǹkan kan. Ọdún mẹ́fà ló ń lò níbẹ̀, àfi bí o bá san gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù kan. Wíwà rẹ̀ nìkan kò ní kí adájọ́ kọ̀ ọ́, yóò kàn bi ọ́ léèrè ni. Fífi pamọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù EAC1 tí a fi ń béèrè sẹ̀tífíkéètì, torí wọ́n tún máa ń gbé orúkọ ẹni tó ń béèrè síta kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lè wí.

Ọdún méjì ni sẹ̀tífíkéètì ń lò. Ẹni tí o bá hùwà burúkú sí lè fi EAC2 fẹjọ́ sun kọ́ọ̀tù; adájọ́ lè gba sẹ̀tífíkéètì náà lọ́wọ́ ẹ, ó sì lè yọ owó fún onítọ̀hún nínú bọ́ǹdì ẹ.

Bísí, Manchester: Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn mi lónìí, báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó?

Àǹtí Fúnkẹ́, Leeds: Ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn ẹ́ láti ojú fèrèsé, kó o wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ bélíìfù lórí gov.uk. Ẹni tó wá fún ẹrù kò gbọ́dọ̀ wá kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, àfi bí kọ́ọ̀tù bá gbà á láyè, kò sì gbọ́dọ̀ wọlé bó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nìkan ló wà nílé. Ti lílé jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ 14 ṣáájú. Ẹni tó háyà yàrá nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, tí wọ́n jọ ń lo kíṣìnnì, tirẹ̀ yàtọ̀: onílé ò nílò kọ́ọ̀tù, ìkìlọ̀ tó bójú mu ti tó.

Dọ́lápọ̀, Glasgow: Kí ẹnikẹ́ni má gbé sẹ̀tífíkéètì England wá sí Scotland o. Sheriff officer ló ń ṣe é níbí, sheriff principal, adájọ́ àgbà agbègbè, ló sì ń fún un láṣẹ.

Kúnlé, Philadelphia: Ẹ̀yin tiẹ̀ rí adájọ́ tó ń yẹ̀ yín wò. Níbí, lọ́yà aládàáni kan tí Municipal Court yàn ló ń gba àwọn tó ń lé ayálégbé jáde síṣẹ́, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2023, wọ́n yìnbọn lu obìnrin kan lórí ní oṣù kẹta. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n tún yìnbọn lu òmíràn lẹ́sẹ̀. Ìlú wá ń béèrè ta ló kọ́ wọn níṣẹ́.

Ṣadé, Leicester: Orí student visa ni mo wà. Ṣé mo lè ṣe é ní ìparí ọ̀sẹ̀?

Àǹtí Fúnkẹ́, Leeds: Ṣọ́ra, àbúrò. Student visa ò gbà kí èèyàn dá iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ agent sì jẹ́ self-employed, kọ́míṣọ̀n ni wọ́n ń jẹ. Bí ilé iṣẹ́ ò bá lè fún ẹ ní owó oṣù, pẹ̀lú wákàtí tí kò ju 20 lọ́sẹ̀ lọ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ, fi í sílẹ̀.

Túndé, Birmingham: Ó ti yé mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Láńre, London: Kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba ọmọṣẹ́. Kó o tó ní sẹ̀tífíkéètì tìẹ, òfin gbà kó o máa tẹ̀lé ẹni tó ní in, níṣojú rẹ̀ àti lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Bi wọ́n léèrè ta ló ń san owó ìdánwò àti bọ́ǹdì, àti pé bó o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan, ṣé wọ́n á gba owó náà padà lọ́wọ́ ẹ. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.