Ìmọ̀ràn: níbo ni a ti lè fojú rí ìtàn àwọn ahéré etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Àbíkẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi láti London lọ wo bí àwọn ahéré onípákó etíkun, àwọn yàrá kékeré tí èrò fi ń pààrọ̀ aṣọ tàbí sinmi, ṣe bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì mọ bí àwọn ènìyàn àtijọ́ ṣe ń wẹ̀ nínú òkun. Owó kò tó láti dé ibi gbogbo. Ibo ni ẹ rò pé ó yẹ kí n fi ṣáájú?

Baba Adéọlá: Ẹ kú ètò, Ìyá wa. Osborne, ilé Ọbabìnrin Victoria ní erékùṣù Wight, ni, nítorí ibẹ̀ ni yàrá ìwẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà títí di òní, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1847. Ìtìjú ni ó bí irú yàrá bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó fẹ́ wẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ lórí iyanrìn, yóò pààrọ̀ aṣọ níkọ̀kọ̀ bí ẹṣin ṣe ń fà á lọ sínú omi, lẹ́yìn náà ni yóò gba ilẹ̀kùn kejì sọ̀kalẹ̀ sínú òkun.

Ìyábọ̀: Òótọ́ ni Baba sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé àwọn obìnrin tí wọ́n fi ìwẹ̀ yìí ṣe iṣẹ́ jẹun. Lẹ́yìn tí oníṣègùn Richard Russell kọ̀wé ní 1750 pé omi òkun ń wo àìsàn, àwọn èrò ń rọ́ wá sí ìlú etíkun Brighton, àwọn bíi Martha Gunn ni ó sì ń rì wọ́n bọ inú omi. Sàréè rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas níbẹ̀.

Ṣẹ́gun: Bí ó bá jẹ́ ahéré gan-an ni, ìlú etíkun Bournemouth ni. Láti 1901 ni òfin kò ti ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ létí omi mọ́, nítorí náà yàrá oníkẹ̀kẹ́ kò wúlò mọ́, wọ́n sì yọ kẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní 1909, ìjọba ìlú Bournemouth kọ́ ahéré tiwọn fún yíyá, a sì gbà pé àwọn ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Nígbà tí òfin ìsinmi tí a ń san owó fún òṣìṣẹ́ dé ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ààyè wá sí etíkun. Ó dùn mí pé ní Mudeford tí kò jìnnà síbẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ahéré kan ti ń ju 300,000 pọ́n-ùn lọ lónìí. Ẹ yá ti ìjọba ní Bournemouth fún ọjọ́ kan, kí àwọn ọmọ lè lò ó fúnra wọn.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Bournemouth ni a ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Southampton lọ sí East Cowes, nítorí Osborne kò jìnnà sí ibẹ̀. Brighton yóò di ìrìn mìíràn.