Boogie woogie: "búgibùgi" kọ́, "búgí-wúgí" ni

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àrójinlẹ̀.

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe orin dùrù tí wọ́n ń pè ní boogie woogie. Ẹnì kan ní "búgibùgi". Ẹnì kan ní "orin ọwọ́ òsì". Ẹnì kẹta ní kí á má wulẹ̀ wàhálà, pé ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni tẹ́lẹ̀, a kàn ń gba tiwa padà ni. Mi ò gba ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

"Búgibùgi" dùn lẹ́nu, ó sì bá ìlànà àpètúnpè wa mu. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹbí rẹ̀: jágajàga, rádaràda, wúruwùru, kátikàti. Ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín. Kí ni wọ́n túmọ̀ sí? Ohun tí kò létò, ohun tí kò nílàárí, ohun tó tú ká. Ohùn yẹn nìkan ti tó láti sọ fún etí Yorùbá pé nǹkan ti dàrú, kó tó di pé ó mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀ sí orin yìí, torí bí orin kan bá wà tó jẹ́ pé ètò ló gbé e ró, òun ni.

Ẹ wo ọwọ́ òsì atẹdùrù náà fínnífínní. Mo fi d-r-m tí gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ kọ ọ́, nínú kíì C. Ìka ọmọńdinrín tẹ d ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò fi d òkè dá a lóhùn. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní m, ní s, ní l. Ìlù mẹ́jọ nìyẹn, ìwọ̀n kan (tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar) ti kún. Nínú ìwọ̀n kejì, ọwọ́ gun orí ta, ìyẹn t tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ (kíì dúdú ni nínú C), ó padà sí l, ó sọ̀ kalẹ̀ sí s, sí m, ó sì tún dé d nílé. Ìwọ̀n méjìlá ló ń parí òdindi kan: mẹ́rin lórí d, méjì lórí f, méjì lórí d, ọ̀kan lórí s, ọ̀kan lórí f, méjì lórí d. Ìlù 96 lọ́wọ́ òsì, láìsinmi, kí á tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìwọ̀n kẹsàn-án àti ìkẹwàá, tí s àti f ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan péré, kò sí àyè àti padà bọ̀. Ọwọ́ á gòkè ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, á sì fò kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú, torí ọwọ́ wọn ti mọ́ lílọ àti bíbọ̀. Àṣìṣe kejì ni kí ọrùn ọwọ́ le gan-gan; kí ìlù 96 tó pé, apá á ti máa ro ènìyàn. Ẹ̀kẹta ni kí ọwọ́ ọ̀tún máa pín ìlù sí mẹ́ta, kí òsì sì tẹ̀ lé e láìmọ̀. Ohun tó ń wò ó ni kí ẹ dá ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀, ní bíi ìlù 80 nínú ìṣẹ́jú kan, títí ẹ ó fi lè kí ẹni tó wọlé, kí ẹ béèrè ilé àti ọmọ, láìjẹ́ pé ọwọ́ yẹn yẹ̀. Nínú ìlù méjì-méjì, àkọ́kọ́ máa ń gùn ju ìkejì lọ, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sí ìdá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní dọ́gba-n-dọ́gba.

Ṣé irú ètò yìí la ó wá pè ní ẹbí jágajàga?

"Orin ọwọ́ òsì" ńkọ́? Ẹni tó dá a lábàá ti rí ibi tí ọkàn orin náà wà. Àmọ́ a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ̀gàn ló máa kọ́kọ́ wọ orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ti wà nílé ìlù wa. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tó ń pa òwe, tó ń yí ohùn padà. Àwọn omele ló ń di ìlù mú. Bí ọwọ́ méjèèjì atẹdùrù yìí ṣe pín iṣẹ́ nìyẹn. Mo dá a lábàá pé kí á pe òsì ní "ọwọ́ omele", kí á pe ọ̀tún ní "ọwọ́ ìyáàlù". Èyí tó ń gòkè tó ń sọ̀ tí mo ṣàlàyé lókè, "omele àlọbọ̀" ni. Èyí tí ọwọ́ ti ń tẹ d àti s pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó tẹ d àti l pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò kúrò níbẹ̀, "omele ajólójúkan" ni. Ti Jimmy Yancey, atẹdùrù kan ní Chicago, tún yàtọ̀: ó máa ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ìlù, bíi ijó habanera ti Kúbà. (Kíì yòówù kí Yancey fi bẹ̀rẹ̀, E-flat ló fi máa ń kádìí orin rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn gidigidi.)

Ó wá ku ẹni tó ní ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni. Pé ìran Áfíríkà ló dá orin náà sílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gé igi ní igbó ìlà-oòrùn Texas, tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè, ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún nínú ilé ọtí inú àgọ́ wọn. Ìlú Marshall níbẹ̀ sì ń pe ara rẹ̀ ní ibi ìbí rẹ̀. Orúkọ ló yàtọ̀. "Fast Western" làwọn atẹdùrù kan ń pe irú títẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. George W. Thomas, atẹdùrù tó dàgbà ní Texas, tẹ "New Orleans Hop Scop Blues" jáde lọ́dún 1916, òun àti Hersal àbúrò rẹ̀ sì tẹ "The Fives" jáde lọ́dún 1922. Omele wà nínú wọn, orúkọ yìí kò sí níbẹ̀. Meade Lux Lewis gba orin ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1927, orúkọ náà kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí atẹdùrù Pine Top Smith gba tirẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago ní December 29, 1928 ló fi orúkọ náà sórí orin, ẹ sì fetí sí bó ṣe lò ó: àṣẹ ló ń pa fún oníjó. Ó ní bí òun bá ní kí ó dúró, kó má mira; bí òun bá ní "git it", kó jó boogie woogie. Orúkọ ijó ló kọ́kọ́ jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò pé sígbà náà tí ìbọn fi pa á nínú gbọ̀ngàn ijó, lọ́mọ ọdún 24.

Àwọn tó ní Haúsá ni, Màndíńgò ni, èdè Kóńgò ni, ìjọra ohùn nìkan ni wọ́n rí dìmú. Kí b sì di w nínú àpètúnpè, àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹ wo "teeny-weeny". Tiwa máa ń di kọ́ńsónáǹtì mú, ohùn la máa ń yí. Nítorí náà, kí á yá orúkọ ijó náà bó ṣe wà: búgí-wúgí, ohùn òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ ni kí á fi Yorùbá sọ.

*

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú làálàá. Mo fara mọ́ búgí-wúgí, ọ̀rọ̀ ohùn yẹn ti tán nínú mi. Lórí omele, ẹ gbà mí láyè díẹ̀.

Omele wa kì í kúrò níbi tó wà. Bí wọ́n ti ń lù ú níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lù ú dópin. Ti dùrù yìí ń kó lọ sí f, ó ń kó lọ sí s, ó sì ń padà. Ẹ jẹ́ ká pe ìlà orin tí òsì ń tún tẹ̀ ní omele, kí á fi ọwọ́ sílẹ̀ kó máa jẹ́ ọwọ́, kí á sì ní ọ̀rọ̀ fún kíkó lọ yẹn. "Ṣípò" tó mi.

Ìdí pàtàkì tún wà. Bí ọmọ bá ka d-m-s-l-ta yín, tó dé orí f, á kọ ọ́ ní f-l-d-r, á sì gun orí m. Àṣìṣe ni. Ma ló yẹ kó tẹ̀, kíì dúdú E-flat. Bó bá tẹ m, orin náà á dà bí orin ìsìn tó ṣìnà, kò sì ní mọ ohun tó bà á jẹ́. Àfi kí á kọ́ ọ pé, bí omele bá ti ṣípò, ibi tó bá dé di d tuntun, ta rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e.

Mo gbìyànjú rẹ̀ báyìí: "Fi omele àlọbọ̀ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní ìwọ̀n karùn-ún, ṣípò sí f, kí o pè é ní d. Padà sílé ní ìkeje. Ní ìkẹsàn-án ṣípò sí s, ní ìkẹwàá sí f, àlọ nìkan, kò sí àbọ̀. Padà sílé ní ìkọkànlá." Ẹ bá mi fún ọmọ akọrin kan kà, kí ẹ wo gbólóhùn tó ti máa dúró béèrè ọ̀rọ̀.