Fóònù wo ló dáa, kí sì ni ẹ ń lò nínú ẹ̀ gan-an?

Aláṣọ Sábó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Mo fẹ́ ra fóònù tuntun. Àwọn ọmọ tó ń tà á ní Gáréèjì ń pe 108 megapixel, 120Hz, 16GB RAM sí mi létí bí ẹni ń ki oríkì. Áńkárá ni mo ń tà. Mo ń ya aṣọ, mo ń gbé e sórí WhatsApp, mo ń wo álẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo oríṣiríṣi, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Ọmọ Ìjẹ̀dé: Bátìrì. Kò sí nǹkan méjì.

Awakọ̀ Ìpákodò: Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wà, Ìpákodò sí Falomo. Tèmi ni kí fóònù má bẹ̀rù omi. Èrò kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹbúté lọ́jọ́ kan, fóònù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó rì. Ọmọ tó ń bá wa so okùn bẹ́ sómi, ó wá a títí. Nígbà tó máa gbé e jáde, ojú ẹ̀ ṣì ń tàn, ìpè sì wọlé níṣojú gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, mi ò ra fóònù tí kò bá ní IP68, àmì pé omi àti eruku ò lè tètè wọ inú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó: Ìpè wọlé kẹ̀? Bọ̀dá Awakọ̀, ẹ rọra o.

Awakọ̀ Ìpákodò: Ojú mi ló ṣe, ìyá.

Ẹnjiníà Agric: Mo gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lórí tábìlì mi. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fi ń dán IP68 wò, fóònù tuntun sì ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Ọ̀sà tiwa níyọ̀ nínú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ yẹn á jókòó sínú ihò ṣájà, á máa jẹ irin ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fóònù lè gba ìpè lónìí, kó má gbaná mọ́ tó bá yá. Tí wọ́n bá sì ti ṣí i pààrọ̀ ojú ẹ̀ rí, gọ́ọ̀mù tó ń dí omi ti lọ nìyẹn. Tòkunbọ̀ tí ẹ ń rà, ṣé ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i? Tó bá bọ́ sọ́sà, ẹ pa á, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Aláṣọ Sábó: Ìrẹsì ńkọ́? Gbogbo ayé ló ń ní ká rì í sínú ìrẹsì.

Ẹnjiníà Agric: Ẹ se ìrẹsì yín jẹ o. Eruku ẹ̀ ló ń kó sínú ihò fóònù.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó: Símù méjì ló ká mi lára jù. Ọ̀kan fún báńkì, ọ̀kan fún dátà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já fáfá nílé mi kì í mí nínú ọjà, kọsítọ́mà á sì dúró tì mí títí álẹ́ẹ̀tì á fi dé. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ṣọ́ra: iPhone tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún láti orí 14, lọ́dún 2022, kò ní ihò símù rárá. eSIM nìkan ni, ìyẹn símù tó ti wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, tí a kì í ki bọ̀ ọ́.

Tísà Odogunyan: Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni iye ọdún tí ilé-iṣẹ́ máa fi máa fi àtúnṣe tuntun (update) ránṣẹ́ sínú fóònù. Ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni WhatsApp kúrò lórí Android 4.4, ètò tó ń darí àwọn fóònù àtijọ́ kan. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó kúrò lórí iPhone 6. Fóònù ò bàjẹ́, kò fọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò wọlé mọ́. Ọdún 7 ni Samsung ṣèlérí fún S24, Google náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pixel 8. Èyí ni kẹ́ ẹ máa bèèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀dé: Tísà, ta ló ń lo fóònù fọ́dún 7?

Tísà Odogunyan: Ìyá mi. Àwọn ìyá tiyín náà.

Ọmọ Ìjẹ̀dé: Ẹ ṣáà jẹ́ kíná wà ná. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, 1,320 megawatt ló lè pèsè, ó ti wà láti 1985. Síbẹ̀ inú òkùnkùn la ti ń wá ibi tí a ó ti ṣájì.

Ẹnjiníà Agric: Egbin kì í pín iná fún ilé kankan, àbúrò. Orí wáyà ńlá tó kárí orílẹ̀-èdè ló ń gbé e sí, àwọn mìíràn ló ń pín in.

Ọmọ Ìjẹ̀dé: Mo mọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹ kó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó: Òótọ́ ọ̀rọ̀!

Tísà Odogunyan: Ìyẹn kọ́ la ń sọ.

Ẹnjiníà Agric: Ẹ̀yin Aláṣọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà dà yín lójú rú. 108 megapixel yẹn, 108 mílíọ̀nù àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán ni, fóònù fúnra ẹ̀ ló sì ń kó mẹ́sàn-án pọ̀ di ẹyọ kan. Àwòrán tẹ́ ẹ máa rí, 12 ni, àfi tẹ́ ẹ bá yí i nínú sẹ́tìnì. WhatsApp á tún fún un kéré. 16GB RAM, ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, 8 ni òótọ́; ibi tẹ́ ẹ̀ ń kó àwòrán sí ni wọ́n ti yá 8 yòókù. 120Hz, iye ìgbà tí ojú fóònù ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dùn ún wò, ó ń jẹ bátìrì. Ẹ fà á wá sí 60. Ẹ wá èyí tí bátìrì ẹ̀ tó 5000mAh, tí ojú ẹ̀ sì wà lọ́jà tó bá fọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ áńkárá jáde bó ṣe rí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ ti yà á, láàárọ̀.

Aláṣọ Sábó: Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Màá kọ́kọ́ gbé e wá kẹ́ ẹ wò ó kí n tó sanwó.

Awakọ̀ Ìpákodò: Mo ṣì dúró lórí IP68 tèmi o.

Ọmọ Ẹbúté: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ń wá fóònù tó ń gbé rédíò láìsí dátà. Èyí tí mo rà fún wọn ò gbé ilé-iṣẹ́ rédíò kankan.

Ẹnjiníà Agric: Ṣé ẹ ki wáyà etí bọ̀ ọ́? Wáyà yẹn ni eriali ẹ̀. Tí fóònù ò bá ní ihò fún un, ẹ má rà á fún bàbá.