Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọfà kejì yìí ń bá mi dé ibùsùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Búdà. Láàárọ̀, màá jókòó fún ìṣẹ́jú 20, màá máa ka èémí mi láti orí 1 dé 10, ara mi á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Àmọ́ kí n tó dìde, fóònù á ti dún: ọ̀gá mi ti kọ "Ṣé o ṣì ń sùn ni?" síbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń rí i. Kíá, àyà mi á gbóná, ìka mi á ti máa tẹ èsì.

Búdà sọ̀rọ̀ ọfà méjì: àkọ́kọ́ ni ìrora tó débá wa, ìkejì lèyí tá a fọwọ́ ara wa ta ara wa, bá a ṣe ń rò ó ní àròtúnrò. Ó yé mi, àmọ́ mi ò yéé ta á.

Tí mo bá dákẹ́ fún ọ̀gá, ṣé sùúrù nìyẹn àbí ojo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lọ́nà yìí, kí lẹ máa ń ṣe kẹ́ ẹ tó fèsì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ o, mo ní gbèsè lọ́rùn.