Nọ́ńbà òrùka ẹsẹ̀ odídẹrẹ́ mi ti ń parẹ́, ṣé kí n lọ fi chip sí i lára?

Ìyá_Ìbejì_Leeds
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń kó padà sí Nàìjíríà, ló bá fún mi ní odídẹrẹ́ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni o, mi ò san kọ́bọ̀. Ẹyẹ yẹn ti tó ọmọ ọdún méjìlá, ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ, tí nǹkan kan bá ti dún báyìí á ní "ta nìyẹn?", ohùn àǹtí yẹn gan-an lá fi sọ ọ́. Òrùka irin kan wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó ti fẹnu họ ọ́ títí, mi ò mọ̀ bóyá 8 ni àbí 3. Kò sí pépà kankan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi pláyà gé e kúrò kí n lọ fi chip sí i, ìyẹn nǹkan ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú ara ẹran, ẹlòmíì ní òfin ti jáde pé gbogbo ẹyẹ gbọ́dọ̀ ní chip, pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Àyà mi ń já. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá_Ẹlẹ́yẹ
Ìyá ìbejì, ẹ má fi pláyà kan ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn o, mo bẹ̀ yín. Kó kàn ja ara ẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan ni, egungun ẹ̀ ti kán nìyẹn.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí òrùka yẹn kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ní ojú tí wọ́n ti pa á dé. Tí kò bá lójú rárá, tó yípo pátá, á jẹ́ pé inú ìtẹ́ ni wọ́n ti fi sí i lẹ́sẹ̀. Ọmọ ẹyẹ ò tíì ju bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ nígbà yẹn, wọ́n á kó ìka mẹ́ta pọ̀, wọ́n á ti òrùka kọjá lórí wọn, ìka kékeré ẹ̀yìn tó kù á sùn sára ẹsẹ̀, wọ́n á wá rọra fà á yọ. Tó bá ti dàgbà, òrùka ò lè bọ́ mọ́. Ìyẹn ló fi jẹ́ ẹ̀rí pé ilé ni wọ́n ti sìn ín, kì í ṣe inú igbó ni wọ́n ti mú un. Èyí tó bá lójú, ẹnikẹ́ni lè fi sí i nígbà tó bá wù ú, ẹ̀rí yẹn ò lágbára. Yúróòpù ti dá kíkó ẹyẹ igbó wọlé dúró lọ́dún 2005 nígbà tí bird flu ń jà, wọ́n wá fòfin dè é pátápátá lọ́dún 2007, torí náà tiyín ọmọ ọdún méjìlá, ó yẹ kó jẹ́ ọmọ ilé.

Ti òfin chip yẹn, irọ́ ni. Ní England níbí, ajá àti ológbò ni òfin ní kó ní chip. Ohun tí ẹni yẹn gbọ́ ni ti ìforúkọsílẹ̀ ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024, kódà ẹni tó ní adìyẹ kan ṣoṣo ní bákíyáàdì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ tó ń gbé inú ilé tí kì í jáde síta, kò kàn án. Títà lòfin ti le. CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ṣèpàdé ní Johannesburg lọ́dún 2016, wọ́n gbé odídẹrẹ́ wa lọ sí Appendix I, àkójọ àwọn tí òfin ẹ̀ le jù, àtìgbà tí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, ẹ ò lè tà á níbí láìní sátífíkéètì Article 10, ìyẹn ìwé àṣẹ títà, nọ́ńbà òrùka tàbí ti chip ló sì máa wà lórí ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ta lọ́rẹ ò nílò ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí àǹtí kọ ìwé kékeré kan fún yín kí wọ́n tó wọ bàálù.

Tóyìn_nọ́ọ̀sì_ẹran
Ẹ kú iṣẹ́ bàbá. Àǹtí, ilé ìwòsàn ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó ná owó kankan, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sikáàn ẹ̀, ó lè ti ní chip tẹ́lẹ̀. Ti ajá máa ń wà láàárín ejìká, ti ẹyẹ inú ẹran àyà òsì ló máa ń wà, ẹ rántí sọ fún wọn tí kì í bá ṣe dókítà tó mọ̀ nípa ẹyẹ.

Hóró ìrẹsì ló jọ, kò ní bátìrì, nọ́ńbà 15 ló wà nínú ẹ̀, sikánà ló ń jí i. KÒ LÈ SỌ IBI TÍ ẸYẸ WÀ O, ojoojúmọ́ la ń ṣàlàyé ìyẹn! Tí nọ́ńbà yẹn bá sì jáde tó jẹ́ orúkọ ẹlòmíì ló wà níbi tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíì yẹn ni wọ́n máa pè. Òrùka tiẹ̀ tún burú jùyẹn, tí ẹni tó sin ẹyẹ ò bá tọ́jú ìwé ẹ̀ dáadáa, lẹ́tà lásán ni.

Tí ẹsẹ̀ bá ń wú tàbí tí òrùka ń há sí wáyà kéèjì, ẹ gbé e wá, a ní nǹkan tá a fi ń gé e. Ẹ gba ègé ẹ̀, ẹ má jù ú nù.

Ọmọ_Ìwó
Tóyìn, ó ṣe mí rí! Ọmọ mi ló ṣí fèrèsé kíṣìnnì, ẹyẹ bá gbéra. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Màmá mi ń pè láti ilé pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, mo ní màmá, òtútù ibí yìí ò gbọ́ àdúrà o. Ẹnì kan wá rí i nínú ọgbà ẹ̀, ó gbé fọ́tò ẹ̀ sí Facebook, kí n tó débẹ̀ bọ̀dá kan ti wà níbẹ̀ tó ní tòun ni, pé tòun nírù pupa. Odídẹrẹ́ wo ni ò nírù pupa? Mo ní tèmi máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ á lọ". Ẹyẹ yìí panu mọ́, ó ń wò mí bí ẹni tí ò rí mi rí! Ọ̀dọ̀ dókítà la bá ara wa. Àdírẹ́ẹ̀sì ilé tí mo ti kó kúrò ló wà níbi tí wọ́n ti forúkọ chip yẹn sílẹ̀, ohun tó yọ mí ni pé mo ti kọ nọ́ńbà ẹ̀ sínú fóònù mi, wọ́n ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń kà á tẹ̀lé wọn. Ká tó dé ìparí, bọ̀dá yẹn ti jáde.

Ìyá_Ìbejì_Leeds
Ẹ ṣé gan-an o. A ti lọ. Bí sikánà ṣe dún "píì" láyà òsì ẹ̀ báyìí, ẹyẹ ní "TA NÌYẸN?", dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ ju sikánà sílẹ̀. Chip wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, àǹtí fúnra wọn ò mọ̀! Orúkọ ẹni tó tà á fún wọn ló ṣì wà lórí ẹ̀, àǹtí ti ń wá nọ́ńbà onítọ̀hún kó lè fi orúkọ sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì ti kọ ìwé tí bàbá ní kí wọ́n kọ. Òrùka yẹn ò lójú, a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. 8 ni, kì í ṣe 3.