60 yúrò nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ fowó ẹ̀ rà? Ẹ̀yin ará Jámánì, ẹ gbà mí o

Ìyá Símí, Houston:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ò tíì sùn ní Jámánì, ẹ dá mi lóhùn. Símí mi tó lọ ṣe ọdún kan níbẹ̀, ètò pàṣípààrọ̀ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà àti ti Jámánì jọ dá sílẹ̀ ní 1983 yẹn, ó ṣì wà ní kaǹpù tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní èdè, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìdílé tó máa gbà á sílé. Kaǹpù yẹn ò jìnnà sí Hamburg. Lánàá wọ́n kó wọn lọ Berlin, wọ́n fún wọn ní wákàtí mẹ́ta kí wọ́n rìn kiri, ni àwọn kan tí ò wọ aṣọ iṣẹ́ rárá bá dìde nínú tíréènì, tíkẹ́ẹ̀tì dà. Ọmọ mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Wọ́n ní kò lù ú lóńtẹ̀. Òǹtẹ̀ wo? Ó ní òun ṣáà fowó òun rà á! Wọ́n kọ 60 yúrò fún un. Ọmọ ọdún 16 péré, ó pè mí, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ṣé kí n san án ni àbí kí n máa wò wọ́n? Ṣé kò ní ba ìwé ìgbélùú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbà jẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má jẹ́ kó sunkún mọ́, gbogbo wa la ti jẹ ẹ́. Nígbà tèmi 40 yúrò ni, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 60 ní 2015. Àpótí kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti ń dúró de tíréènì, Entwerter ni wọ́n ń pè é, ẹ ó ki tíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á dún kẹ́kẹ́, á tẹ ọjọ́ àti aago sí i lára. Bí kò bá tíì dún, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ ti sanwó. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, mo na tíkẹ́ẹ̀tì mi sókè bí ẹni gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo tún ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin yẹn.

Alágbàdo, Hamburg:
Ẹ dúró ná. Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa ní Hamburg, tíkẹ́ẹ̀tì tó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti ní ọjọ́ àti aago lára, kò sóhun tó ń jẹ́ òǹtẹ̀. Níbí ló ti kọ́ wíwọ tíréènì, ó wá dé Berlin níbi tí wọ́n ṣì ń lu òǹtẹ̀ bí ọ́fíìsì kánsù. Mà, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ ṣàlàyé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Lẹ́tà kẹ̀! "Mi ò mọ̀" kọ́ ni wọ́n ń gbọ́ níbí. Munich náà ń lù ú o, ṣé Munich náà ti di ọ́fíìsì kánsù?

Àǹtí Bísí, Frankfurt:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí rí nǹkan gbọ́. Ìyá Símí, ẹ san án, ẹ san án kó tó di ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé yẹn. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí ẹ ó ṣe san án. Nọ́ńbà gígùn kan wà lórí ìwé náà, òun ni kẹ́ ẹ kọ síbi Verwendungszweck, ìyẹn àyè tí wọ́n ń kọ ohun tí owó wà fún sí, nígbà tẹ́ ẹ bá ń fowó ránṣẹ́, ẹ má kọ nǹkan míì. Èmi sanwó tèmi lọ́jọ́ kejì, mo ṣe bí ọmọlúàbí, mo wá kọ orúkọ mi àti "ẹ má bínú" lédè wọn síbẹ̀. Owó lọ, wọn ò mọ ẹni tó san án. Mahnung, lẹ́tà tí wọ́n fi ń ránni létí gbèsè, dé lẹ́yìn oṣù kan, mo ní ṣebí mo ti san, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ agbowó-gbèsè ló kọ ọ́, owó ti lé ní 100. Títí dòní, tí mo bá rí àpòòwé tó ní fèrèsé nínú àpótí lẹ́tà, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó já a.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
60 yúrò lẹ ń torí ẹ̀ pariwo? Ní London 100 pọ́n-ùn ni o, bí ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21 á di 50. Ẹ dúpẹ́.

Ìyá Símí, Houston:
Ẹ ṣé, Àǹtí Bísí. Báńkì mi ní àwọn á gba 45 dọ́là láti fi 60 yúrò ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Ohun míì wà o, Símí ní ọ̀rọ̀ ì bá má le tó bẹ́ẹ̀, pé òun sọ "du" fún ọkùnrin yẹn ni ojú ẹ̀ ṣe yí padà. Kí ló ń jẹ́ du?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Haaaa! Ọ̀rọ̀ dé. Du ni "ìwọ", Sie ni "ẹ̀yin". Ọmọ Yorùbá ló lọ ń pe àgbàlagbà tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní ìwọ! Mà, ẹ má bínú, ṣé ẹ ń sọ Yorùbá sí i nílé?

Ìyá Símí, Houston:
Ó ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
"Ó ń gbọ́" 😂😂 Gbogbo ọmọ tá a bí sókè òkun ló ń gbọ́. Tèmi ń gbọ́ láti ọdún 19 báyìí, kò tíì fèsì.

Alágbàdo, Hamburg:
Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ọmọ mi ti lọ irú kaǹpù yẹn rí. Àwọn tó ń bójú tó wọn, àtolùkọ́ àti ẹni tó ń dáná, gbogbo wọn ló ń ní kí wọ́n máa pe àwọn ní du. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, inú ìwé nìkan lo ti máa rí Sie. Kí ló fẹ́ sọ tó bá bọ́ sígboro?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Tó bá jẹ́ pé ó ń sọ "ẹ káàárọ̀ mà" nílé ni, ara ẹ̀ á sọ fún un.

Àǹtí Bísí, Frankfurt:
Irọ́ ni, òun gan-an ló máa ṣì í lọ́nà. Èmi tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo dé ibí, mo ń pe àgbàlagbà ní Sie, mo wá ń pe ọmọdékùnrin tó ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní du nítorí mo lè bí i. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò, bóyá ẹ mọra yín ni. Ọmọ wọn ń pe ìyá tó bí i ní du, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí tó ti kúrò lọ́mọdé, Sie ni, kó kéré sí yín ní ogún ọdún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Ó dáa, mo gbà fún Àǹtí. Mi ò gbà fún Alágbàdo.

Ìyá Símí, Houston:
Kò tún jẹun dáadáa o. Ó ní lálẹ́, búrẹ́dì tútù, wàràkàṣì, ẹran tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, kùkúńbà, ó parí. Ó ní òun ń dúró kí wọ́n gbé oúnjẹ gan-an wá, àwọn yòókù ti ń palẹ̀ mọ́. Omi tó rà, gáàsì ló wà nínú ẹ̀. Kò sí éásì ní yàrá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ oòrùn ṣì ń wọ ojú fèrèsé.

Alágbàdo, Hamburg:
Ẹ sọ fún un kó máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní àjẹyó, ìyẹn ló máa ń gbóná. Kó má sì ju ike omi yẹn nù, 25 sẹ́ńtì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá dá a padà. Ẹ bi kaǹpù bóyá wọ́n gbà kí èèyàn wá kí i, àwọn míì ò fẹ́ ẹ. Tí wọ́n bá gbà, mo lè débẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ìyàwó mi á se ìrẹsì. Mo máa lọ ra tàtàṣé ní Steindamm ní Sátidé, torí Sunday gbogbo ṣọ́ọ̀bù á tì pa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Tàtàṣé Steindamm tó ti rọ̀ yẹn? Wá sí àdúgbò Wedding ní Berlin níbí kó o wá rí ọjà.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ tíréènì lọ ra ata. Mo wà ní Rye Lane báyìí, mo na ọwọ́ lásán, mo kan iṣu.

Ìyá Símí, Houston:
Ẹ wá sí Bissonnet ní Houston, ẹ máa gbàgbé pé ẹ kúrò nílé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Mà, kò síbi tó ń múni gbàgbé. Oòrùn alẹ́ tí ọmọ yín ń sọ yẹn, èmi náà kì í lè sùn sí i. Ní Ìjẹ̀bú Òde, tó bá ti di aago méje, ilẹ̀ ti ṣú, ìyá alákàrà iwájú ilé wa á tan àtùpà, ẹ ó máa gbọ́ bí epo ṣe ń dún ṣàà tó bá ti da àkàrà sí i, àwa ọmọdé á tò pẹ̀lú abọ́. Níbí, aago méje alẹ́ oṣù kẹjọ, ọ̀sán gangan ni. Ara ò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi.

Àǹtí Bísí, Frankfurt:
Ìwọ ọmọkùnrin yìí, o fẹ́ pa mí lẹ́kún láàárín òru.

Alágbàdo, Hamburg:
Ìyá Símí, ẹ ya fọ́tò ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí nọ́ńbà ẹ̀ hàn dáadáa, mo máa san án láti ibí, ẹ fún àbúrò mi ní Dallas lówó náà. Mo ṣì ní kò jẹ̀bi o. Tí mo bá ń lọ kí i, mo máa mú gààrí Ìjẹ̀bú dání fún un.

Ìyá Símí, Houston:
Ọlọ́run á ṣe é fún yín, ẹ ti mú mi rẹ́rìn-ín. Ti ìwé ìgbélùú yẹn wá ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Berlin:
Alágbàdo, gààrí yẹn, ṣé ó kan?

Alágbàdo, Hamburg:
Tó o bá bù ú sẹ́nu, ojú ẹ á dì.